Àga Dírónù Tí A Kì Í Dìde Lórí Rẹ̀

Bí ó bá jẹ́ òní ni dókítà sọ fún ọ pé kíndìnrín rẹ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ìwọ gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti jókòó síbi tí o jókòó sí yẹn, lórí bẹ́ǹṣì onípákó, káàdì lọ́wọ́, tí ẹsẹ̀ mi wú bí ẹsẹ̀ aboyún, tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ń sọ fún mi pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Mo ṣì wà láyé. Mo jẹun láàárọ̀ yìí, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé ibi tí mo ti ń kọ èyí. Gba ìyẹn mú ná. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún ọ pé ọkàn mi ti balẹ̀. Inú ń bí mi. Inú ti ń bí mi láti ọjọ́ tí mo ti mọ ohun tó sọ mí di aláìsàn, n kò sì wá ẹni tí yóò bá mi tù ú.

Mùjídátù ni orúkọ mi. Asata, ní ìlú Enugu, ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé ọlọ́pọ̀ yàrá kan tí gbogbo wa ń pọn omi nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bàbá mi, ọmọ Ọ̀fà, ni télọ̀ tó ń rán aṣọ fún ìdajì àdúgbò. Ìyá mi ń ta aṣọ ọmọdé ní New Market títí di òní. Nínú ilé, Yorùbá ni. Bí a bá ti yọ ẹsẹ̀ síta, ó di Igbo àti Pidgin. Nígbà tí mo wọ iṣẹ́ ológun, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló tún yúnífọ́ọ̀mù mi gbà sínú, ó ní ológun kì í wọ aṣọ tó tóbi jù ú lọ.

Dírónù ni mò ń wà. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò ìgbéyàwó o. Èyí tí mò ń wí ní apá bíi ti bàlúù, ó sì lè wà lókè láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Èmi tí mò ń wà á wà lórí ilẹ̀, nínú kọ̀ǹtéínà kan tí wọ́n sọ di yàrá ní ibùdó wa lẹ́yìn ìlú, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń gbọ̀n mí, tí mò ń wo ojú ẹ̀rọ. Ibi tí à ń wò jìnnà sí Enugu, ẹ kò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ohun tí mo rí níbẹ̀ náà, èmi àti Ọlọ́run la mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ àga ni mo fẹ́ sọ.

Ènìyàn méjì ló ń jókòó síbi iṣẹ́ náà: ọ̀kan ń wà á, ọ̀kan ń darí kámẹ́rà. Emeka, sájẹ́ńtì kan tó ń rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ, ló ń darí kámẹ́rà tèmi. Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ni pé àga awakọ̀ kì í ṣófo nígbà tí dírónù bá wà lókè. Bí awakọ̀ bá fẹ́ dìde, awakọ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ ti wà nítòsí láti gba ipò rẹ̀. Òfin dáadáa ni. N kò bá òfin jà. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ rò pé awakọ̀ mìíràn yóò máa wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ó wà lóòótọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ọ̀kan lọ sí ibòmíràn, ọ̀kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ ó gba ìlú òyìnbó lọ, ọ̀kan lọ bímọ, ọkọ rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ padà. Wọn kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn. Iṣẹ́ kò dín kù rárá. Ṣe ni wọ́n tún ń fi kún un. Àwa tó kù wá ń gba àga lọ́wọ́ ara wa bí ẹni ń gba ọmọ tó ń sunkún: èyí tó bá gbé e kò ní ibi tí yóò gbé e sí.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láì tọ̀? Kò ní mu omi ni. Ọgbọ́n tí gbogbo wa dá nìyẹn, kò sí ẹni tó kọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọkùnrin ń tọ̀ sínú ike bó bá le tán. Emeka ní bó bá kan èmi, òun yóò kọjú sí ògiri, òun yóò sì máa kọrin ìjọ. Mo ní kó má ṣe kọrin kankan, pé ọmọ Alhájì télọ̀ ni mí. Nítorí náà mo gba ààwẹ̀. Bí mo bá ní iṣẹ́ lọ́la, láti òru òní ni n kò ti ní fi omi kan ẹnu. Láàárọ̀ n ó ra ọ̀kpà gbígbóná lẹ́nu géètì, oúnjẹ tí àwọn ará Enugu fi ẹ̀pà ilẹ̀ wọn ṣe, n ó jẹ ẹ́ gbẹ, n ó sì wọlé lọ jókòó.

Ọ̀gá wa mọ̀. Ọ̀gá ni n ó máa pè é, nítorí orúkọ rẹ̀ kò wúlò fún ẹ. Ó wọlé lọ́jọ́ kan, ó rí i pé ètè mi ti bó, ó sì rẹ́rìn-ín. "Mujidat, I no dey worry for you at all. You people dey fast. Una body don used to am."

Ara wa ti mọ́ ọn, àbí? Ààwẹ̀ tèmi tí mo mọ̀, a máa ń jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́, a sì máa ń ṣínu bí oòrùn bá wọ̀, oṣù kan ṣoṣo ló sì jẹ́ nínú ọdún. Ọlọ́run tó pa á láṣẹ yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kó má gbà á. Ààwẹ̀ ti Ọ̀gá kò ní oṣù, kò sì yọ̀ǹda fún ẹnikẹ́ni.

Kí n tó sọ ti àìsàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá mi. A kì í mú fóònù wọ inú kọ̀ǹtéínà. Ọ̀dọ̀ sójà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà la ń fi í sí. Àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi ṣubú lẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì kú. Ìyá mi pè mí, ó pè mí, ó tún pè mí. Níkẹyìn sójà yẹn gbé e. Ohun tó sọ fún ìyá mi, tí ìyá mi sì tún sọ fún mi lẹ́yìn náà, ni pé: "Mama, she dey on seat. She no fit stand." Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń sin òkú wa. Kí oòrùn tó yí, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti gbé e wọ ilẹ̀. Nígbà tí mo dìde lórí àga, mo gba fóònù mi, mo rí iye ìgbà tí ìyá mi ti pè. Èmi nìkan ni ọmọ rẹ̀ tí kò bu yẹ̀pẹ̀ sí i.

Láti ìgbà náà ni orí ti ń fọ́ mi. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ni. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọrùn, a sì gun orí wá síwájú títí ojú mi yóò fi máa rí bàìbàì. Ẹ̀yìn mi náà ń ro mí, ní ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Oògùn ìrora ni mo ń lò sí i. Emeka ní tirẹ̀ nínú àpò, èmi náà ní tèmi. A máa ń pín in fún ara wa bí gúgúrù. Gbogbo ẹni tó ń jókòó sórí àga yẹn ló ń lò ó, kò sí ẹni tó rò pé oògùn ni mọ́.

Lẹ́yìn náà ìtọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí omi ọṣẹ. Bí mo bá jí láàárọ̀, ojú mi á ti wú, ìpéǹpéjú mi á wúwo. Ẹ tẹ́tí o, nítorí ibi yìí ni wọ́n ti ń tan ènìyàn jẹ: gbogbo Asata ló ń yìn mí. "Muji baby, money don enter! See cheek!" Ìyá mi pàápàá dì mọ́ mi, ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àbẹ̀ní, o ti ń sanra, o ti ń dára. Ó kù kí ọkọ rí ọ." N kò ní ọkọ, ìyẹn sì ti di àìsàn kejì lẹ́nu àwọn ará ilé mi tipẹ́tipẹ́. Mo wo dígí, mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún lóòótọ́, mo sì dúpẹ́. Ẹni tó ń kú lọ ló ń dúpẹ́ yẹn.

Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa tọ́jú ibà mi, ó tọ́jú táífọ́ọ̀dù mi, ó tún tọ́jú ibà. Bí o bá já bọ́ lórí igi ní ìlú yìí, ẹnì kan á sọ pé táífọ́ọ̀dù ni. Nígbà tó pẹ́, mo lọ sí yàrá ìtọ́jú ibùdó wa. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó wo ẹ̀rọ, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ru kọjá ohun tí òun lè gbójú fò, kí n lọ sinmi kí n sì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Mo mú ọ̀rọ̀ náà tọ Ọ̀gá lọ.

Ó ní, "Rest from what? From morning till evening you sit down inside AC. Who dey shoot you? Who dey pursue you?"

Mo ní, "Oga, my body dey swell. Abeg find somebody for the seat."

Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. "From where?"

Gbogbo ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ń gba ènìyàn síṣẹ́. Ó ti bèèrè fún awakọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá tirẹ̀, wọn kò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n kàkà kó sọ fún wọn pé kí dírónù kan má gbéra, èmi ló ní kí n gbéra. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ ìjókòó yẹn. Gbogbo wọn ló gbà pé ẹni tó bá jókòó ń sinmi. Kí wọ́n wá fi ojú wọn sí ibì kan láti àárọ̀ títí di alẹ́, kí wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá ṣẹ́jú lódì, ẹnì kan lè kú nísàlẹ̀, kí wọ́n sì máa di ìtọ̀ mọ́ra. Kí wọ́n tún wá padà sọ fún mi nípa ìsinmi.

Nígbà ọyẹ́ ló ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàtà ológun mi kò gbà mí, mo ní láti tú okùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu mi ń kan bí ẹni lá irin. Nígbà tó di ọ̀sán, nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ di méjìméjì, èébì sì gbé mi. N kò lè dìde. Ọwọ́ kan ni mo fi di ohun ìwakọ̀ mú, mo fi ọwọ́ kejì wá ọ̀rá ọ̀kpà àárọ̀ yẹn, inú rẹ̀ ni mo bì sí. Emeka ń pariwo sínú rédíò pé kí wọ́n wá. Ẹni tí wọ́n rí pè ni awakọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú, wọ́n lọ jí i lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo di ohun ìwakọ̀ yẹn mú títí ó fi dé. Nígbà tó gbà á lọ́wọ́ mi tán ni mo tó ṣubú. Ọ̀gá dé ẹnu ọ̀nà. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bèèrè ni, "Aircraft nko?"

Etí mi ń hó, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba ni wọ́n gbé mi lọ. Bí o kò bá tíì dé irú ibẹ̀, múra sílẹ̀. Ìlà wà fún káàdì, ìlà wà fún owó sísan, ìlà wà fún ẹ̀jẹ̀ gbígbà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ ní ìparí ìlà kan pé ìlà mìíràn ló yẹ kí o ti kọ́kọ́ tò. Ìyá mi ń lọ ń bọ̀ pẹ̀lú hìjáàbù rẹ̀ tó ti yí sẹ́yìn, ó ń fi Igbo bẹ àwọn ènìyàn. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ ni a tó rí dókítà, obìnrin kúkúrú kan tí àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀ kedere. Ó tẹ kókósẹ̀ mi, ìka rẹ̀ sì wọlé bí ẹni tẹ ìyẹ̀fun pípò; kòtò náà kò dìde. Ó bi mí bí mo ṣe ń mu omi. Mo ṣàlàyé àga fún un.

Ó fi kálámù sílẹ̀. "Who told you to do that to yourself?"

Mo ní kò sí ẹni tó sọ fún mi, pé iṣẹ́ ni.

Ó sọ fún wa lọ́nà tó yé ìyá mi pàápàá pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára mi tipẹ́, n kò mọ̀. Pé oògùn ìrora tí mò ń jẹ bí gúgúrù ń ba kíndìnrín jẹ́. Pé òǹgbẹ ojoojúmọ́ wá parí ohun tó kù. Ó ní kíndìnrín mi kò tíì kú tán. Ó ní bí mo bá gbọ́ràn, ìrètí wà. Ó wá kọjú sí ìyá mi, ó ní kò gbọdọ̀ sí àgbo kankan, ti ìgò, ti ìkòkò, ti àdúrà, kò gbọdọ̀ sí.

Ìyá mi ní a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Láti kò sí níbẹ̀.

Bọ̀dá Láti ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó ń tún ara ọkọ̀ ṣe ní Asata, ó sì gbà pé bí ohun tó wọ́ ṣe ń nà lábẹ́ òòlù, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ènìyàn. Wọ́n ti dá mi padà sílé kí n máa ti ilé wá gba ìtọ́jú nígbà tó mú àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa wá, gbogbo wọn dúró yí bẹ́ẹ̀dì mi ká. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì àgbo kan kalẹ̀ tí wọ́n fi ọkọ̀ rán láti Ìlọrin.

Ó ní, "Mùjí, òyìnbó ò mọ èyí. Àwọn ènìyàn tí ò ń wò nínú ẹ̀rọ yẹn tí wọ́n ń kú, ẹ̀jẹ̀ wọn ló ń jà. Ó gbọ́dọ̀ jáde lára ẹ."

"Bọ̀dá mi, ta ló sọ fún yín pé ẹnì kan kú?"

"Ṣé a máa ń sọ irú ẹ̀ ni?"

Mo wo ìyá mi. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Àbẹ̀ní, àwọn àgbà ló dúró yìí. Tọ́ ọ wò, kí ilé lè tòrò."

Inú bí mi gan-an. Àwọn ará ibùdó ní iṣẹ́ kò lọ́wọ́ nínú àìsàn mi, pé mo kàn jókòó ni. Àwọn ará ilé ní ẹ̀jẹ̀ àwọn òkú ni. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó fẹ́ gbọ́ pé omi ni, omi tó wà nínú ẹ̀rọ nínú ọgbà ilé wa, tí ewúrẹ́ ń mu. Ṣùgbọ́n àgbà mẹ́fà dúró lé mi lórí, ara mi kò sì le. Mo mu ún. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ìtọ̀ mi dá pátápátá. N kò lè mí dáadáa bí mo bá sùn, mo ní láti jókòó kí afẹ́fẹ́ tó wọ inú mi. Mọ́tò Bọ̀dá Láti ló gbé mi padà sí ilé ìwòsàn, ó ń wa ọkọ̀ náà lọ, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí wọ́n bá gbé àgbo dé, dà á nù níṣojú wọn. Kí wọ́n bínú sí ọ. Ẹni tí wọ́n ń bínú sí ṣì wà láyé.

Wọ́n ki rọ́bà bọ ọrùn mi, wọ́n so mí mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Bí mo ti rí ibi tí n ó jókòó sí, ẹ̀rín pa mí, nọ́ọ̀sì rò pé orí mi ti dàrú. Àga ni. Àga ńlá, lójú ẹ̀rọ tó ń tàn, nínú yàrá tútù, èyí tí n kò gbọdọ̀ dìde lórí rẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà: nọ́ọ̀sì ń wá bi mí nígbà gbogbo pé báwo ni ara mi.

Owó rẹ̀, ẹ má bi mí. Ètò ìlera ibi iṣẹ́ wa mọ ibà, kò mọ ẹ̀rọ yẹn. Ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní New Market ṣófo, aṣọ ọmọ tuntun nìkan ló ṣẹ́kù sára ògiri. Kò fìgbà kankan dárúkọ rẹ̀ sí mi létí.

Ṣùgbọ́n omi ni ìyà tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò tọ̀ kò gbọdọ̀ mu omi bó ṣe wù ú, nítorí kò ní ibi tí yóò gbà jáde. Ife kékeré tí a fi ń wọn oògùn fún ọmọdé ni ìyá mi fi ń wọn omi fún mi. Ọ̀sán gangan, Enugu ń gbóná, òjò kò rọ̀, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, mo ń gbọ́ bí àwọn ọmọ ilé ṣe ń da omi sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n ń ṣeré. Nígbà tí mo lè mu ún, wọn kò fún mi láyè. Nígbà tí àyè wá wà, n kò lè mu ún mọ́. Mo sunkún nítorí omi, ìyá mi sì sunkún pẹ̀lú mi, pẹ̀lú ife kékeré yẹn lọ́wọ́.

Ọ̀gá wá kí mi. Ó wọ aṣọ ilé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ èso ńlá kan dání: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọsàn ló kún inú rẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà yín ohun tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn lè ṣe fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n lè dá ọkàn rẹ̀ dúró. Nọ́ọ̀sì gbé apẹ̀rẹ̀ náà kúrò kíá. Ọ̀gá jókòó, ó wo rọ́bà ọrùn mi, ó wo ibòmíràn. Mo rí i pé àánú mi ṣe é. Ó ní kí Ọlọ́run wò mí sàn. Kò ju ìyẹn lọ tó fi ní, "So when you think say you go fit come back? We dey short."

Lẹ́yìn náà àwọn ọ̀gá ológun kó ìgbìmọ̀ jọ láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ ló fa àìsàn mi. Mo dúró níwájú wọn pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí ojú rẹ̀ sì dàbí ojú ẹni rere, ní bí mo bá jábọ́ tàbí bí ìbọn bá bà mí, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjókòó kì í ba kíndìnrín jẹ́. Ó bi mí pé ṣé ẹnì kan pàṣẹ fún mi pé kí n má mu omi. Mo ní rárá. Ó ní, "You see?" Emeka tí mo pè ní ẹlẹ́rìí dìde, ó ní àga náà ló pàṣẹ. Wọ́n ní kó jókòó.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Ìtọ̀ mi padà wá díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jáde dáadáa, ìyá mi kírun ọpẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó ń sọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n pé, "Ọmọ mi tọ̀ o!" Wọ́n yọ rọ́bà ọrùn mi. Dókítà ní díẹ̀ ló ṣẹ́kù nínú agbára kíndìnrín mi, pé bí mo bá tọ́jú díẹ̀ náà, ó lè gbé mi dé ọjọ́ ogbó. Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́, n kò ní dẹ́kun rẹ̀. Iyọ̀ ti di àlejò lẹ́nu mi. Ààwẹ̀ Ramadani tó kọjá, n kò gbà á. Mo bọ́ aláìní dípò rẹ̀, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Wọ́n gbé mi lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ohun èlò, mò ń ka bàtà àti bẹ́lítì, bí mo bá sì fẹ́ tọ̀, mo máa ń dìde, n kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo rò pé ibẹ̀ ni n ó parí ọ̀rọ̀ mi sí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ fi ara hàn dókítà, mo sì tò sórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin kan nínú yúnífọ́ọ̀mù jókòó ní ìkángun, ojú rẹ̀ kún, ó dán. Okùn bàtà rẹ̀ wà ní títú. Ngozi ni, awakọ̀ tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn láti gba àga mi. Ó kí mi tayọ̀tayọ̀, ó ní mo ti ń gbádùn. Ó ní táífọ́ọ̀dù kan ló ń da òun láàmú, kò lọ, pé orí ń fọ́ òun náà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ kókósẹ̀ rẹ̀. Kòtò náà kò dìde.

Mo bi í pé ta ló wà lórí àga báyìí.

"Nobody o. Dem never fly today. Dem say make I rush collect drug, come back before eleven." Ó ń wo ìlà, ó ń wo aago. Nígbà tó yá ó gbé báàgì rẹ̀. "Madam, this line long. I go come another day."

Fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo rí orúkọ Ọ̀gá lójú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan tẹ èjìká Ngozi, mo jẹ́ kó padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sì gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Where you dey?" Ọ̀gá ti ń pariwo. "Ngozi! Where you dey since?"

"Oga, good morning, sir. Na Mujidat," mo ní. "She dey on seat. She no fit stand."